Àǹtí Mi Kọ̀ Láti Gbé Ìwé Mì

Àbúrò bàbá mi ni àǹtí mi. Nígbà tí ọkùnrin kan ń wá wọn kiri láti fẹ́ wọn, tí wọn kò sì fẹ́ ẹ, ìyá àgbà ní kí wọ́n kàn dákẹ́, pé ọ̀rọ̀ náà yóò sú u. Àǹtí mi ní, "Màmá, ẹni tí a ò dá lóhùn á máa pààrà ni. Bàtà ẹ̀ á jẹ tán, ọrùn mi ni ẹ̀bi ẹ̀ á wà." Wọ́n pe ọkùnrin náà, wọ́n sì sọ fún un. Inú bí gbogbo ilé.

Ilé-iṣẹ́ tó ń fi ilé háyà ni àǹtí mi ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń gba ímeèlì, nínú yàrá tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró dè wọ́n lẹ́yìn ilé-ìwé. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé bí ìwé kan bá dé, ẹ̀rọ náà á wo àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́, á sì wo ẹ̀rọ tó rán an wá. Á wá fi í wé àwọn òfin tí àǹtí mi kọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ bá a mu ni á tẹ̀ lé. Òfin lè ní, gbà á. Ó lè ní, kọ̀ ọ́, kí o sì sọ fún ẹni tó kọ ọ́. Ó sì lè ní, gbé e mì, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn gbájúẹ̀ nìkan ni àǹtí mi ń lo èyí tó kẹ́yìn fún.

Lọ́jọ́ kan ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà wọlé. Òrùlé ọ̀kan nínú àwọn ilé wọn ń jò, ojoojúmọ́ sì ni àwọn ayálégbé ibẹ̀ ń kọ̀wé.

"Gbogbo ìwé àwọn ará ilé yẹn, gbé e mì," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ má bínú sà. Wọ́n á rò pé ẹ ti rí i. Wọ́n á jókòó sínú omi, wọ́n á máa retí yín."

"Kí wọ́n máa retí. Ó máa sú wọn."

"Mo lè kọ̀ ọ́ sà. Ẹ̀rọ á sọ fún wọn pé ẹ ò gbà á."

"Ta ló ní kí o sọ fún wọn? Ṣé dídákẹ́ ti di irọ́ ni?"

"Ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, tó lọ dà á nù sẹ́yìnkùlé, kò dákẹ́ sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Tó o bá ṣì fẹ́ jẹun níbí, gbé e mì kí iṣẹ́ òní tó parí."

Nígbà tó jáde, mo rọra sọ pé, "Àǹtí, wọ́n á lé yín o."

"Wọ́n á lé mi. Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?"

Mo ní rárá. Wọ́n kọjú sí kọ̀ǹpútà. Wọ́n lè fi òfin kan ṣoṣo dínà mọ́ ẹ̀rọ tó ń rán ìwé àwọn ayálégbé náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn ló ń gba ibẹ̀ kọ̀wé. Nítorí náà, wọ́n kọ àdírẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yọjú wò ó. "Kọ̀ ọ́" ni wọ́n kọ sí iwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe "gbé e mì". Èsì tí ẹ̀rọ náà yóò máa fún wọn ni pé: "Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yìí ní kí a má gba ìwé yín mọ́."

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn ayálégbé ti kún orí àtẹ̀gùn.

"Ìwọ lo pè wọ́n," ni ọ̀gá ń sọ fún àǹtí mi.

"Rárá sà. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ ìwé wọn, mo sì jíṣẹ́ yín. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi kọ ti òní."

"Kó ẹrù rẹ."

"Mo ti kó o sà." Báàgì ti wà léjìká wọn lóòótọ́. Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sí i.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, bàbá kan tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó gbé aṣọ ìbora tútù sórí itan, bi wọ́n pé, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo fún wa lésì yẹn?"

"Èmi ni, bàbá."

Bàbá náà sún, ó fún wọn láyè. Àǹtí mi gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n sì jókòó tì í. Mo ti rò pé ilé là ń lọ.

"Wá jókòó," ni wọ́n wí fún mi. "A máa bá wọn dúró de ọ̀gá. Ó máa pẹ́ díẹ̀."