Èèkàn Kẹta Nínú Ibú

Ẹnu Theresa, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Ajue, kì í sinmi. A mú Tíṣà Fọlárìn tọ ipa odò lọ síbi àpáta tí wọ́n ti ń fìdí yọ̀ bá omi wọ ibú. Tíṣà ti jókòó kó yọ̀, àfi igbe Theresa:

"Ẹ dúró! Èèkàn mẹ́ta tí mo so àpò ẹ̀gẹ́ rírẹ mọ́ wà níbẹ̀, omi òjò ti bò wọ́n!"

Ó kó sómi, ó ń fẹsẹ̀ wá wọn. Méjì ló fà yọ. Tíṣà sọ fún un pé:

"Màmá, omi ti gbé ìkẹta lọ."

"Ẹ wọ bàtà yín jàre!" Theresa ló dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Tíṣà fajú ro délé. Nígbà tí omi fà, a bá èèkàn kẹta níbi tí ìdí tíṣà ì bá balẹ̀ sí gan-an. Theresa ò lè sọ̀rọ̀.