Wàláà Tí Mo Fọ̀ Fúnra Mi

Òórùn ẹ̀kọ ló máa ń jí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kì í ṣe ẹ̀kọ tó ti dì, tí a ń fi àkàrà jẹ. Èyí tó ṣì wà lórí iná ni mò ń sọ, nígbà tí ogì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki, tí èéfín igi ti wọ inú rẹ̀ díẹ̀. Màá ṣì wà lórí ẹní, màá máa gbọ́ bí Ìyá Àgbà ṣe ń rò ó, tí orógùn ń kan ara ìkòkò. Tó bá ti dákẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ pè mí nìyẹn.

Ìtòkú ni ilé wa wà, lẹ́yìn àpáta kan tí gbogbo ará ilé máa ń sá aṣọ sí. Ìyá Àgbà ló bí bàbá mi. Papalanto ni ìyá mi ti ń ṣòwò nígbà yẹn, ọjọ́ Jímọ̀ ló sì máa ń wálé, torí náà ọwọ́ Ìyá Àgbà ni mo dàgbà sí. Ẹlẹ́kọ ni wọ́n. Iṣẹ́ tèmi láàárọ̀ ni kí n jókòó tì wọ́n, kí n máa pọ́n ẹ̀kọ. Wọ́n á fi ìgbakọ bù ú sínú ewé eéran tí mo ti ká mọ́ ọwọ́, màá pa ewé náà dé, màá tẹ̀ ẹ́ kalẹ̀, màá tún mú òmíràn. Ó máa ń gbóná débi pé orí ìka mi á pọ́n. A kò sì gbọ́dọ̀ dúró, torí bí ọwọ́ bá ti dúró pẹ́nrẹ́n, èyí tó wà nínú ìkòkò á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, á yọ awọ lójú, kò sì ní ṣeé pọ́n dáadáa mọ́.

Ìkòkò náà tóbi lójú mi. Màá yọjú wò ó, màá rí i pé a kò tíì pọ́n nǹkan kan, apá mi á sì rọ. Ìyá Àgbà kò ní gbójú sókè. Wọ́n á kàn ní, "Má wo ìkòkò. Ewé ọwọ́ ẹ ni kó o wò." Kò sí àárọ̀ tí wọn kì í sọ ọ́. Ó ti wá dà bíi "ẹ káàárọ̀" létí mi, mi ò kà á sí mọ́.

Tá a bá ti ilé ìwé dé, ilé kéú ló kàn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà kò ní tíì gbàgbé wàláà. Pákó pẹlẹbẹ tó lọ́wọ́ lókè ni. Àfáà á fi kálámù àti tàdáwà dúdú kọ iṣẹ́ ẹni sí i. Ẹni tó bá ti mọ tiẹ̀ á lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, á ké e lójú gbogbo wa. Bó bá yọrí, Àfáà á ní, "Fọ̀ ọ́." Ọmọ náà á sáré lọ síbi omi, á fi ewé eépín ha pákó náà títí tó fi máa mọ́, wọ́n á wá kọ òmíràn sí i fún un. Bí kò bá yọrí, kò sí fífọ̀. Èyí tó gbé wá lánàá náà ni yóò tún gbé wá lónìí.

Wàláà tèmi kò kan omi fún oṣù mẹ́rin.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Àwọn súrà kéékèèké kò fún mi ní wàhálà, torí wọn kì í pẹ́ tán. Kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, mo ti parí. Àmọ́ nígbà tí mo dé orí èyí tó kọ́kọ́ gùn, mo há. Mo lè ké e nínú ikùn mi bí mo bá ń ru omi. Bí mo bá wá kúnlẹ̀ níwájú Àfáà, tí mo gbọ́ tí àwọn ọmọ yòókù dákẹ́ lẹ́yìn mi, màá ké ìlà mẹ́ta, tí mo bá dé ìlà kẹrin, màá dúró. Àfáà á gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún mi. Màá gbà á, màá tún dúró. Màá wá máa wo èékánná mi títí wọ́n á fi ní kí n padà lọ jókòó.

Àwọn ọmọ kéú sọ mí ní Ìyá Wàláà. Múínà, ọmọ àbúrò bàbá mi, tí mo fi ọdún méjì jù, bá mi lórí súrà náà, ó sì kọjá mi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Múínà kò níkà nínú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí. Lọ́jọ́ kan tí a ń lọ sílé, ó wo wàláà mi dáadáa, ó ní, "Ṣíkírá, ṣé o fẹ́ fi pákó ẹ ṣe ilẹ̀kùn ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá lọ sunkún sẹ́yìn àpáta.

Ọ̀rọ̀ náà wá sú Àfáà. Wọ́n ní bí mi ò bá ké e yọrí kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàrùba, kí n lọ bá àwọn tó ń kọ́ alífù jókòó. Orí ẹní iwájú ni àwọn yẹn máa ń wà, àwọn tí ikun ṣì ń dà nímú wọn, tí ìyá wọn ń gbé wá. Mi ò sọ fún Ìyá Àgbà. Mo rò ó títí, ohun kan ṣoṣo ló wá sí mi lórí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àtìní, kí n tó lọ sílé ìwé, mo gbé wàláà náà lọ sẹ́yìn àpáta, níbi tí omi òjò máa ń dá dúró sí. Mo já ewé eépín, mo sì fọ̀ ọ́. Bóyá mo rò pé bí kò bá ti sí nǹkan lójú pákó, kò ní sí ohun tí wọ́n á ní kí n ké. Tàdáwà náà ti pẹ́ débi pé kò tètè ṣí. Nígbà tó ṣí, omi dúdú náà ń ṣàn lọ lára àpáta, ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Ta ló ń fọ wàláà láìgbàṣẹ? Omi rẹ̀ pàápàá, a kì í dà á nù bẹ́ẹ̀. A máa ń fi pa orí kí iṣẹ́ náà lè dúró. Tèmi ti lọ bá koríko. Mo ki pákó náà bọ abẹ́ òkìtì ewé eéran, mo sá lọ sílé ìwé. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí tíṣà sọ lọ́jọ́ náà.

Mo gbàgbé pé ewé eéran kì í pẹ́ nílẹ̀ ní ilé wa. Nígbà tí mo dé, Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, wàláà wà lórí itan wọn.

Wọ́n ní, "Ṣé Àfáà ló ní kó o fọ̀ ọ́?"

Mo mi orí pé rárá.

Mo ń retí ìgbátí. Wọ́n dìde, wọ́n so ìborùn, wọ́n ní ká máa lọ.

Àwọn ọmọ kéú ti pé nígbà tí a débẹ̀. Ìyá Àgbà kí Àfáà, Àfáà náà kí wọn, wọ́n béèrè ara ilé lọ́wọ́ ara wọn, èmi dúró bí òpó. Ìyá Àgbà wá gbé wàláà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ yín ló fọ wàláà fúnra ẹ̀, Àfáà. Mo ní kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi."

Múínà ni mo gbọ́ tó kọ́kọ́ kọ háà. Àfáà wo pákó náà, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Ó jọ pé wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò rín in. Wọ́n ní, "Ó fọ̀ ọ́ mọ́. Ó dáa, kó dá a padà." Wọ́n na kálámù sí mi.

Mi ò tíì kọ nǹkan tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ ojú mi ti wà lára iṣẹ́ náà fún oṣù mẹ́rin, ìlà kọ̀ọ̀kan ti há mi sójú. Kò sì sí ẹni tó ní kí n la ẹnu. Mo jókòó sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Háráfì mi wọ́, òmíràn sanra, òmíràn rù. Nígbà tí mo dé ìlà kẹrin, ọwọ́ mi dúró. Mo fi àyè sílẹ̀, mo fò ó, mo sì kọ èyí tó kù títí dé ìsàlẹ̀. Mo gbé wàláà náà fún Àfáà.

Àfáà fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè. Wọ́n dé ibi òfìfo náà, wọ́n kan ìka mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Èyí ló dá ọ dúró látọjọ́ yìí?" Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà síbẹ̀ fún mi. Wọ́n wá yíjú sí Ìyá Àgbà, wọ́n ní, "Ọwọ́ ẹ̀ ti ké e, Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ó ku ẹnu. Àlàrùba kò yẹ̀ o."

Bí a ṣe ń lọ sílé, Ìyá Àgbà kò bá mi wí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ̀kọ ti wà nílẹ̀, wọ́n ní kí n máa ké e bí mo ṣe ń pọ́n. Mo ké e dé ìlà kẹrin, mo dúró, ọwọ́ mi náà dúró. Wọ́n ti bu ẹ̀kọ sókè, wọ́n nawọ́ ìgbakọ sí mi. "Ewé dà?" Mo yára ká ewé, ẹnu mi sì gbéra pẹ̀lú ọwọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo kọjá ibẹ̀. Nígbà tí ìkòkò fi máa ṣófo lọ́jọ́ náà, mo ti ké e kọjá lẹ́ẹ̀mẹfà, mo sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ Àlàrùba.

Nígbà tí mo ń lọ ké e nírọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà fi ewé eéran kan sí mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ pẹ̀lú ewé yẹn, ẹnì kan ti sọ lẹ́yìn mi pé ẹlẹ́kọ ti dé. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo ká ewé náà, mo bẹ̀rẹ̀. Ohùn mi kéré débi pé Àfáà ní láti fi etí sún mọ́ mi. Mo ń ká a, mo ń tú u, mo dé ìlà kẹrin, mo ká a, mo kọjá. Nígbà tí mo dákẹ́, ewé náà ti ya sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àfáà ní, "Fọ̀ ọ́."

Múínà ló bá mi gbé omi. Ó bu omi tàdáwà náà, ó fi pa orí mi, ó sì fi pa orí tirẹ̀ náà, ó ní òun kò mọ̀ bóyá ó lè wúlò.

Mo ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, Òṣíẹ̀lẹ̀ ni mò ń gbé. Ìwé kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti dúró, mo wá lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìbarà. Ó ku díẹ̀ kí n ṣe fíríìdọ̀mù nígbà tí mo ṣi aṣọ oníbàárà kan gé. Apá ọ̀tún méjì ni mo gé, kò sí tòsì, kò sì sí aṣọ mọ́. Obìnrin náà pariwo mọ́ mi lójú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá mi bá a parí ẹ̀, wọn ò lé mi. Èmi ni mi ò padà lọ mọ́. Mo ní mo fẹ́ simi lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ náà di ọdún kan àti ààbọ̀. Mo ń kó aṣọ ọmọ lé orí máṣíìnì mi títí tí mi ò fi rí i mọ́.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, mo lọ kí Ìyá Àgbà. Wọn kì í dáná ẹ̀kọ mọ́, ọwọ́ ń ro wọ́n. Wọ́n béèrè iṣẹ́ mi, mo ní ó wà ńbẹ̀.

Wọ́n ní, "Ńbẹ̀ wo?"

Mo jẹ́wọ́ fún wọn. Mo ní àwọn tí mo jù lẹ́nu iṣẹ́ ti gba fíríìdọ̀mù, mo ní mo ti gbàgbé gbogbo ẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún wọn, wọ́n ń gbọ́. Wọ́n wá bi mí pé kí ni mo mọ̀ ọ́n gé kí n tó ṣi ti obìnrin yẹn gé. Mo ní mo mọ ara, mo mọ ọrùn, mo mọ ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," wọ́n ní. "Ó ku apá nìyẹn."

Mo gba bébà àpò sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ ìyá mi ní Papalanto, mo gbọn eruku rẹ̀ nù, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀. Apá nìkan ni mò ń gé. Ọ̀tún, òsì. Ọ̀tún, òsì. Ọmọ mi ń wọ̀ wọ́n kiri ilé. Nígbà tó ṣe, mo wọkọ̀ lọ sí Ìbarà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí ọ̀gá mi fi rí mi, wọ́n ní ṣé òjò ló lé mi wá ni. Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fún mi ní aṣọ oníbàárà. Mi ò wo àwọn tó ń wò mí, mo wo ṣọ́ọ̀kì tí mo fi fa ìlà, mo sì gé e.

Ojú ṣì máa ń tì mí. Ohùn mi kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ti ìgbà yẹn lọ. Bí mo bá rántí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn, mo máa ń rò pé ó láyà jù mí lọ, torí òun kò jẹ́ kó pé oṣù márùn-ún kó tó ṣe nǹkan kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ àṣìṣe. Èmi gbé tèmi jókòó fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ti dìde.

Ọ̀gá mi mú apá méjèèjì tí mo gé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gbé wọn lé ara wọn, wọ́n kọjú wọn síra, wọ́n tẹ́ wọn síwájú mi padà.

Wọ́n ní, "Rán an."