Ọmọ Tí Wọ́n Fi Jẹ Ìyá

Nígbà tí ìyàwó mi kú, a ò tíì sin ín tán tí wọ́n ti fi ọmọ wa àgbà rọ́pò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní lísè, ilé-ìwé girama, ní Bingerville, nílẹ̀ elédè Faransé tí à ń gbé. Àwọn obìnrin ìlú wa tó ń ta aṣọ ní Treichville wá bá wa kẹ́dùn, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló ṣáájú wọn. Wọ́n ró ìró ìyá rẹ̀ fún un, wọ́n ní òun ni ìyá àwọn àbúrò rẹ̀ báyìí, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí omijé lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Kékeré ni wọ́n ń pè é. Àṣà wa ni, ìfẹ́ ni wọ́n sì kà á sí.

Ọmọ náà gbọ́ràn. Ó ń dáná, ó ń wẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé-ìwé. Kò sunkún. Nígbà tó yá, kò jẹun mọ́, ó sì ń sùn ní kíláàsì. Olùkọ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni. Ọ̀lẹ, ẹni tó ń jí ṣáájú gbogbo ilé.

Lọ́jọ́ kan ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ bá ìyá òun. Ọ̀rẹ́ náà gbọ́n ju gbogbo àwa àgbà lọ: ó lọ sọ fún nọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Kí ni ilé-ìwé wá ṣe? Wọ́n ní kí n wá mú un lọ, kí n má mú un padà àfi tí ara rẹ̀ bá yá, kó má baà ran àwọn yòókù. Bó bá jẹ́ ibà ló ń ṣe é, wọn ì bá fún un lóògùn. Ayé sú ọmọ, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi hàn án.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní kí n má tiẹ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Wọn kì í fi ẹnu pe irú ìyẹn. Bó bá lu síta, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ká yáa fi í ránṣẹ́ sílé ní Ṣakí. Mo lọ jókòó ti ọmọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ṣé o ń rò ó láti pa ara rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Papa. Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe màmá."

Ọjọ́ náà gan-an ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ìlera ọpọlọ. Ó ní ká má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, a ò sì fi í sílẹ̀. Ó ṣì ń lọ rí dókítà náà títí di òní.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹkún gbé e ní pálọ̀, lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wà níbẹ̀. Ó dìde.

"Ìyá Kékeré, àwọn ọmọ ń wò ọ́ o."

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ tí a sọ ọ́ ni kí ẹ máa pè é. Ẹ jẹ́ kó sunkún."

Ẹ̀gbọ́n bínú jáde. Àwọn àbúrò ọmọ mi rọra sún mọ́ ọn, àwọn náà sì bú sẹ́kún. Àṣé ẹni tí yóò kọ́kọ́ sunkún ni wọ́n ti ń dúró dè.