Fídíò Ìwẹ̀ Tí Mo Fún Pọ̀

Àbúrò mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀ sí ìlú òyìnbó, kò sì sí àgbà kankan lọ́dọ̀ rẹ̀ tí yóò bá a wẹ ọmọ. Màmá wa ni ì bá lọ. Wọ́n ti ra òrí àti kànrìnkàn sílẹ̀, àmọ́ físà ò jáde. Ni àbúrò mi bá ń sunkún lórí fóònù pé ẹ̀rù ń ba òun láti gbé ọmọ náà sómi, pé ọrùn rẹ̀ rọ̀ jù.

Màmá ní kó nu ojú rẹ̀ nù. "Èmi ni màá kọ́ ẹ," ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú sí mi. "Ìwọ, gbé fóònù ẹ wá, kó o máa yà mí."

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde la ti yà á. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n gbé bèbí oníróbà sórí itan. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n na apá rẹ̀, wọ́n fi òrí pa á lára. Tí wọ́n bá ṣe díẹ̀, wọ́n á dáwọ́ dúró, wọ́n á máa kì í ní oríkì ilé wa, wọ́n á máa ṣàdúà: "Ọlọ́hun á dá ẹ sí fún ìyá ẹ." Ogójì ìṣẹ́jú gbáko, lórí bèbí oníróbà!

Fáìlì náà tóbi, ó kọ̀, kò lọ. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Ìjagun! Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà mi, mo fún un pọ̀ kó lè kéré. Mo fún un jù: gbogbo rẹ̀ ṣe bàìbàì, èèyàn ò lè mọ ọwọ́ Màmá yàtọ̀ sí ọrùn bèbí. Mo bá tún un ṣe. Kó lè kéré kó sì mọ́lẹ̀, mo gé gbogbo ibi tí Màmá ti dáwọ́ dúró. Oríkì lọ, àdúà lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù, ó sì lọ wéré. Mo yan káàkiri ilé.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi pè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé o. Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?"

Mo ní mo ti bá a yọ ariwo kúrò ni.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì kan wá sílé lánàá, ó ti fi bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́ hàn mí. Ilé yìí ló dákẹ́ jù. Mo fẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ ohùn Màmá ni."

Ojú tì mí gan-an. A dúpẹ́ pé mi ò tíì pa fídíò àkọ́kọ́ rẹ́. Mo yọ ohùn rẹ̀ nìkan, torí ohùn kì í wúwo tó àwòrán, mo sì fi gbogbo ogójì ìṣẹ́jú náà ránṣẹ́. Mi ò gé ohunkóhun.

Lọ́jọ́ kejì, ó pè wá láti ibi tó ti ń wẹ ọmọ. Mo gbé fóònù fún Màmá. Omi ń dún, ọmọ ń ké, ohùn Màmá sì ń kì í lọ́hùn-ún. Màmá tẹ́tí, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí itan wọn.

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ló kù," ni wọ́n sọ sínú fóònù.

"Mo ti ń yí i padà, Màmá," ni àbúrò mi dáhùn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sunkún.