Ojú Hàbíbátù

Nígbà kan, kò sí ilé tí ẹ máa dé ní Ìwó tí ẹ ò níí bá fọ́tò tí Yẹ̀kínì yà lára ògiri. Láti Olúpọ̀nnà títí dé Kuta, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè bí wọ́n bá ń gbéyàwó tàbí tí ọmọ kéú bá ń ṣe wòlímọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ o: ọkùnrin tó ya gbogbo ayé yìí, kò ya ọmọ tirẹ̀.

Hàbíbátù lorúkọ ọmọ náà, òun nìkan ni Ràhámọ̀tù ìyàwó rẹ̀ bí fún un. Inú sitúdíò ló ti ń ṣeré, tí yóò ki ẹsẹ̀ kékeré bọ sálúbàtà bàbá rẹ̀, tí yóò máa wọ́ ọ kiri ilẹ̀. "Bàbá Hàbíbátù, ẹ ya ọmọ yìí fún mi," ni Ràhámọ̀tù máa ń wí. Yẹ̀kínì á ní fíìmù tó kù nínú kámẹ́rà, tàwọn oníbàárà ni. Ó di ọ̀la, ó di Iléyá. Fòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la! Èéyi dé lọ́dún tí ọmọ pé mẹ́rin, kí wọ́n sì tó kírun àìlà, wọ́n ti sin ín.

Àwọn èèyàn ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Irọ́ ni, agbè yẹn ò pọnmi mọ́. Ogójì ọdún ni Ràhámọ̀tù fi bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó tú àwọn páálí fíìmù wò, bóyá ọmọ náà á wà lẹ́yìn ẹnì kan. Yẹ̀kínì ò tú u. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun ò níí rí nǹkan kan. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó kù díẹ̀ kí obìnrin náà kú, ó ní òun ò rántí bí imú ọmọ òun ṣe rí mọ́. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ dáadáa lọ́nà ọ̀fun Yẹ̀kínì.

Nítorí náà, nígbà tí Mujeebah, òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan n'Ìbàdàn, wá kúnlẹ̀ kí i pé àwọn ń gba fọ́tò àtijọ́ pa mọ́, ohun kan ṣoṣo ni Yẹ̀kínì bèèrè.

"Kó gbogbo ẹ̀ lọ. Àmọ́ kọ́kọ́ bá mi wá ọmọ mi níbẹ̀. Ojú mi ti di bàìbàì."

Mujeebah wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ó ní àwọn ò fẹ́ àdàkọ, ògidì fọ́tò làwọn fẹ́, pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ àti ibi tí ikán ti jẹ ẹ́.

"Háà! Ikán náà ti di ọlọ́lá!" Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹta, Mujeebah gbé fíìmù kan sójú fèrèsé. "Bàbá, ẹsẹ̀ ọmọ kékeré kan wà lẹ́yìn ọkùnrin yìí. Sálúbàtà àgbà ló wọ̀."

Yẹ̀kínì dìde. "Ojú ẹ̀ ńkọ́? Mo ní ojú ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ojú níbẹ̀, Bàbá. Wọ́n ti fi abẹ ha á."

Yéè! Ó rántí. Oníkòkó kan láti Ilé-Ogbó ló ní òun ò fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú fọ́tò òun. Láyé ìgbà yẹn, abẹ ni wọ́n fi ń ha ohun tí oníbàárà ò fẹ́ kúrò lára fíìmù, ibẹ̀ á sì dúdú nínú fọ́tò bí aṣọ dúdú tí wọ́n ta sẹ́yìn ẹni tí wọ́n ń yà. Kò sẹ́ni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ tó ti Yẹ̀kínì. Ó ha ojú, ó ha orí, ó ha ọrùn, ó sì ń súfèé. Ẹsẹ̀ nìkan ló gbójú fò.

"Ràhámọ̀tù, jọ̀ọ́, má bínú," ló wí, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Mujeebah náà nu ojú. Ó ní ṣé kóun fi eléyìí sílẹ̀ fún Bàbá.

"Mú un lọ. Bó bá wà lọ́wọ́ mi, n ó kàn máa wá ojú ẹ̀ ni."

"Ta ni ká kọ pé ó wà nínú ẹ̀, Bàbá?"

"Hàbíbátù, ọmọ Ràhámọ̀tù."

"Ẹni tó yà á ńkọ́?"

"Èmi ni mo yà á. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi náà ni mo ha á kúrò."