Àǹtí Ojúlé-Kan

Mi ò fẹ́ràn obìnrin yìí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìwé ìyìn ni mo jókòó kọ. Ó fi ọdún mẹ́rìnlá jù mí lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní "wọ́n" níbí, nítorí ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wá sẹ́nu mi.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣe àlọ́ nọ́ńbà fún ìwé ìròyìn wa, ọ̀kan lọ́sẹ̀, fún ojú ewé tó kẹ́yìn ní Sátidé. Èmi ni mo máa ń ka ìwé ìròyìn náà kó tó wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí mo máa ń wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ẹni tó ń wá àṣìṣe àti ẹni tó lóun ò ṣàṣìṣe rí, nínú yàrá kan náà, lábẹ́ fáànù kan ṣoṣo. Ẹ ti rí i pé a ò lè ṣọ̀rẹ́.

Àlọ́ náà kò le láti ṣàlàyé. Àpótí kéékèèké mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, mẹ́sàn-án ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òró. Nọ́ńbà láti oókan dé mẹ́sàn-án lo máa kọ sí i, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlà tó dùbúlẹ̀, tàbí nínú ìlà tó dúró, tàbí nínú agbo ilé alápòótí mẹ́sàn-án. Àwọn ẹlòmíràn tó ń ṣe irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ nọ́ńbà díẹ̀ sílẹ̀ kí èèyàn lè ríbi bẹ̀rẹ̀. Tirẹ̀ kò fi nǹkan kan sílẹ̀, ahun ni. Yóò kàn sọgbà yí àpótí méjì tàbí mẹ́ta ká, yóò kọ àròpọ̀ wọn sí igun, ó tán. Ọgbà alápòótí méjì, àròpọ̀ mẹ́tàdínlógún: o ti mọ̀ pé mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án ni, kò sí ọ̀nà mìíràn. Èwo ni mẹ́jọ, èwo ni mẹ́sàn-án? Ìyẹn lo máa fi Sátidé rẹ wá.

Ọmọ káfíńtà ni. Bàbá rẹ̀ kò kan àga, kò kan tábìlì, ilẹ̀kùn nìkan ló ń kàn, ọmọ náà sì gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn wọnú nọ́ńbà. Ó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni àlọ́ tó dáa ń ní, ìdáhùn kan tí kò ní ìkejì. Bó bá ti ní méjì, kì í ṣe ọgbọ́n lèèyàn ń lò mọ́, àfi kó máa méfò. "Ojúlé kan!" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì fi ìka gbá tábìlì. Ibẹ̀ la ti mú orúkọ fún un. Ó ti fi ọdún mọ́kànlá ṣe olùkọ́ ìṣirò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní àwọn òbí ọmọ ló kọ̀wé pé kó máa lọ, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ọkọ rẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ kan tó ń tún aago ṣe, máa ń gbé oúnjẹ wá fún un lọ́sàn-án. Bí ìyàwó bá ti gbọ́wọ́ sókè báyìí pé kó má dí òun lọ́wọ́, ọkọ á rọra gbé fúláàsì sílẹ̀, á sì máa lọ.

Ìdáhùn ló máa ń kọ́kọ́ kọ, kó tó ṣe ìbéèrè. Yóò kọ gbogbo nọ́ńbà sínú àpótí, lẹ́yìn náà ni yóò máa sọgbà yí wọn ká, tí yóò máa fi rọ́bà pa á rẹ́, tí yóò tún un sọ. Bó bá ṣe é tán, yóò tú u fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé kò rí i rí.

Ọdún àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, èmi náà ṣe àlọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, ìyàwó mi ń bú mi pé nọ́ńbà ni mo gbé níyàwó. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ bá a. Kò tiẹ̀ jókòó. Ó yọ bírò pupa, ó dúró ti fèrèsé, ó ń kọ nọ́ńbà sí i bí ẹni ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi dáwọ́ dúró.

"Kí lèyí? Ilé olójúlé méjì!" Ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé nísàlẹ̀. "Olè ò ní wàhálà kankan níbẹ̀. Bó bá gba ìhín wọlé, á gba ọ̀hún jáde."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ó kan ìwé náà mọ́ pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, níbi tí kò sẹ́ni tí kò ní dé, ọ̀sẹ̀ méjì ló sì fi wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Ojúlé-Méjì. Awakọ̀ ń pè mí bẹ́ẹ̀, agbálẹ̀ ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí, mo sì gbà á sínú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni olóòtú ìgbà yẹn pè mí pé láti ọjọ́ náà lọ, èmi ni n ó máa yẹ àlọ́ rẹ̀ wò kó tó jáde. Mo rò pé ìyà ni wọ́n tún fi ń jẹ mí. Ṣùgbọ́n mo gbà á, nítorí mo ti rí ibi tí màá ti gbẹ̀san. Ọdún mẹ́sàn-án, àlọ́ tó lé ní irinwó! Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni yóò jù ú sórí tábìlì mi láìkí mi, yóò ní, "Wò ó." Èmi náà á sì wò ó tìjàtìjà. Mo rí ìlà ọgbà tó já. Mo rí àròpọ̀ tó yẹ kó jẹ́ mẹ́rìnlá tó kọ ní mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ tí mo bá rí irú ẹ̀, mo máa ń pariwo kí gbogbo ilé gbọ́: "Mà, ẹ wá wo nǹkan tẹ́ ẹ ṣe o!" Yóò wá, yóò wò ó, yóò fi rọ́bà pa á rẹ́, yóò ní, "Ó dáa." Kò dúpẹ́ rí. Àmọ́ ojúlé kejì, mi ò rí i rí.

Lọ́dún tó kọjá ni olóòtú tuntun dé. Ọmọdé ni, kò ní sùúrù, ó sì ti gbọ́ pé kọ̀ǹpútà lè ṣe ọgọ́rùn-ún àlọ́ kéèyàn tó mu omi tán. Ó sọ ọ́ nípàdé. Àǹtí Ojúlé-Kan dìde.

"Ọjọ́ tí ẹ bá rí ojúlé kejì nínú tèmi, ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín dé. Èmi fúnra mi ni n ó palẹ̀ ẹrù mi mọ́."

Olóòtú rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ o?"

"A gbọ́," la dáhùn. Ohùn tèmi ló ròkè jù.

Ọjọ́bọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Olóòtú ní àlọ́ ọ̀sẹ̀ náà ti le jù, pé kó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Àǹtí Ojúlé-Kan jiyàn, ó pòṣé, ṣùgbọ́n ó mú rọ́bà. Ọgbà méjì kan dùbúlẹ̀ lápá ọ̀tún, ní ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún. Ó yí méjèèjì dúró kí àròpọ̀ wọn lè rọrùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Kò ráyè tú u lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ráyè tú u lẹ́ẹ̀kan pàápàá. Ó gbé e wá bá mi.

"Wò ó," ló wí. Lẹ́yìn náà ló tún fi ohun tí kò sọ rí kún un: "Wò ó dáadáa."

Mo bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlà ló gbọ́dọ̀ rò pọ̀ di márùndínláàádọ́ta, kọ́kọ́rọ́ àlọ́ náà nìyẹn, mo sì fi ń ṣí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, ó ku àpótí mẹ́rin. Ọgbà kan wà lápá òsì, àpótí méjì tó gbéra léra ní ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún, àròpọ̀ mẹ́tàlá. Ọ̀kan nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí dúró lápá ọ̀tún wà ní ìlà méjì kan náà, àròpọ̀ mẹ́tàlá lòun náà. Mẹ́rin àti mẹ́sàn-án ló kù fún méjèèjì. Mo kọ mẹ́rin sókè, mẹ́sàn-án sísàlẹ̀ lápá òsì; lápá ọ̀tún, mẹ́sàn-án bọ́ sókè, mẹ́rin bọ́ sísàlẹ̀. Ó bára mu. Mo yí gbogbo rẹ̀ padà. Ó tún bára mu! Kò sí ìlà tó ṣàròyé, kò sí agbo ilé tó ṣàròyé. Ojúlé méjì gbayawu.

Inú mi dùn débi pé mo ti dìde kí n tó mọ̀. Ó wà lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Mo ti la ẹnu pé "Mà, ẹ wá wo nǹkan tẹ́ ẹ ṣe o," ni mo bá rántí bó ṣe máa rí. Yóò wá. Yóò mú rọ́bà, yóò ní, "Ó dáa." Tó bá di Sátidé, òun náà ṣì ni Ojúlé-Kan, èmi náà ṣì ni Ojúlé-Méjì. Mo jókòó. Mo pa nọ́ńbà àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́, mo kọ ọ̀kan nínú ìdáhùn méjèèjì síbẹ̀, mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

"Ó ti dáa, Mà."

Ó wò mí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Mà."

Ó gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé. Mo ń kọrin délé. Ìyàwó mi ní, "Bàbá ọmọ mi, ọ̀tá wo ló kú?"

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, òǹkàwé mọ́kànlá ti kọ̀wé. Awọnlẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì fi rúlà ya ìdáhùn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Olóòtú tẹ́ gbogbo rẹ̀ àti ìwé tí mo fọwọ́ sí sórí tábìlì, ó pe àwa méjèèjì.

"Mà, kí lẹ rí sọ?"

"Kò sí."

Ó kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ kọ́ lo fọwọ́ sí i?"

"Mi ò rí i, Ọ̀gá."

Àǹtí Ojúlé-Kan nawọ́ mú ìwé tí mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Rọ́bà a máa pa dúdú pẹ́ńsù rẹ́, ṣùgbọ́n kì í pa ibi tí ẹnu pẹ́ńsù tẹ̀ wọ̀ rẹ́, ẹni tó sì ti ń fi rọ́bà jẹun látọdúnmọ́dún mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó ń kà. Àpótí mẹ́rin, nọ́ńbà méjì-méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń retí kó fi han olóòtú. Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi í sínú àpò rẹ̀.

"Èmi ni mo kàn án," ló wí. "Bí ilẹ̀kùn bá wọ́, káfíńtà là ń mú."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́: rúlà méjì, agolo pẹ́ńsù, fúláàsì. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ó pè mí.

"Ṣé o mọ ẹni tó ní kí wọ́n fi ọ́ sídìí àlọ́ mi?"

"Olóòtú àná ni, Mà."

"Èmi ni." Kò gbójú sókè. "Káfíńtà kan wà ní òdì kejì títì sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Ọdún méjìlá, wọn ò kí ara wọn. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í gbé ilẹ̀kùn jáde láìjẹ́ pé ọkùnrin yẹn wá wò ó. Á wá, á fojú burúkú wo gbogbo igun rẹ̀, á fọwọ́ tọ́ka síbi tó wọ́, á máa lọ. Wọn ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Bàbá mi ní bí ọ̀bẹ mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó tún ní ọ̀tá ẹni kì í pòdù ọ̀yà: bí ẹni tí kò ní gbà láé pé iṣẹ́ rẹ dáa kò bá rí nǹkan wí sí i, a jẹ́ pé ó dáa nìyẹn."

Ó de agolo pẹ́ńsù.

"Mo wo gbogbo ilé yìí. Àwọn kan ń bẹ̀rù mi, àwọn kan ń bá mi ṣojú ayé. Ìwọ nìkan lo kórìíra mi látọkàn wá. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìyẹn."

"Ṣé kí n lè kórìíra yín lẹ ṣe kan ìwé mi mọ́ pátákó?"

"Rárá o. Àlọ́ rẹ ló burú."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà."

Ó pòṣé. "Mo rò pé o kórìíra mi tó láti pariwo àṣìṣe mi," ló wí. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe àlọ́ Sátidé báyìí. Kò sẹ́ni tó ní kí n yẹ̀ wọ́n wò, ṣùgbọ́n mo ń yẹ̀ wọ́n wò. Ojúlé kan ni gbogbo wọn ní, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí.

Èmi náà ti tún ṣe ọ̀kan. Oṣù méjì ni mo fi ṣe é. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé e lọ sílé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Àǹtí Ojúlé-Kan wà nídìí tábìlì, ó ń bá ọkọ to àwọn irin bíńtín-bíńtín inú aago. Mo kúnlẹ̀, èmi ọkùnrin tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi kanlẹ̀. Mo na ìwé náà sí i.

"Ẹ bá mi wò ó, Mà."

"Gbé e fún ọ̀tá rẹ."

"Ẹ̀yin ni, Mà."

Ìgbà náà ló tó wò mí. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ká ní ó wà ni, ǹ bá mọ ibi tí màá gbà wọlé. "Rárá," ló wí. "Mi ò bá ọ ṣọ̀tá mọ́."

Ọkọ rẹ̀ ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Àlọ́ náà ṣì wà nínú dúrọ́ tábìlì mi lọ́ọ́fíìsì. Mo ti tú u lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò rí ojúlé kejì, mi ò sì gba ojú ara mi gbọ́.