Mẹkáníìkì Bá Mi Pa Iná Ẹ́ńjìnnì

Ẹ gbà mí o, mo há sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Pápá Àjàó.

Látìgbà tí mo ti gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò mìíràn sínú mọ́tò mi, iná ẹ́ńjìnnì ò kú lójú dáṣíbọọ̀dù mọ́.
Mẹkáníìkì fi sikánà tó ń ka àìsàn mọ́tò yẹ̀ ẹ́ wò, kóòdù jáde, ó ní waya ni.
Riwáyà tó ń tún waya ṣe wo kóòdù kan náà, ó ní ẹ́ńjìnnì ni.

Nígbà tó yá, mẹkáníìkì pariwo: "Àǹtí, iná ti kú o!"
Mo ṣáná sí i. Mọ́tò ṣì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.
"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe sí i?"
Ó la ọwọ́. Gílóòbù iná dáṣíbọọ̀dù tó yọ rèé.
"Ṣebí iná yẹn ló ń dà yín láàmú?"

Ǹ bá bú u, àmọ́ mọ́tò kan dí mi lẹ́yìn, àpò mẹkáníìkì yìí sì ni kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yẹn wà.
Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti há báyìí rí, báwo lẹ ṣe jáde?